Ta Ló Ń Bá Ẹ Wo Ilẹ̀?

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni fídíò kan ti ń dà mí láàmú. Bọ̀dá ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kò kọ nǹkan kan sí i ju "wo èyí" lọ. Ọkùnrin òyìnbó kan jókòó sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù láàárín aṣálẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó gbójú sókè, rìmóòtù wà lọ́wọ́ ẹ̀, mọ́tò ń lọ geerege lórí títì gbọọrọ, bàálù tó ń darí sì wà lókè réré débi pé kámẹ́rà gan-an ò rí i, ẹ̀rọ kan la ṣáà ń gbọ́ tó ń ké pìì, pìì, pìì. Látìbẹ̀rẹ̀ fídíò yẹn dópin, ọkùnrin yìí ò wo ilẹ̀ rárá. Kòtò wà níwájú ni o, tírélà ń bọ̀ ni o, kò kàn án.

Ohun táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé báwo ni bàálù tí ò lẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní gíláídà, ṣe ń rin kílómítà rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dáa, màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lọ́kàn tèmi ni ẹni tó ń wa mọ́tò. Mo wo fídíò yẹn títí, mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún wò ó, ìgbọ̀nwọ́ dírẹ́bà nìkan ni mo rí, ó gbé e lé ojú fèrèsé. Wọn ò dárúkọ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú bàálù balẹ̀ tán, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń pariwo, kámẹ́rà ò yà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ayé ń wo òkè, ìwọ ń wo táyà.

Ìṣeré tí kì í ṣe tọmọdé

Bọ̀dá náà ń fò gíláídà onírìmóòtù, ṣùgbọ́n kì í ṣe olówó o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ló ní ní Ṣómólú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tẹ káàdì ìgbéyàwó tàbí kàlẹ́ńdà rí l'Ékòó ẹ mọ àdúgbò yẹn, níbi tí ẹ̀rọ Kord ti ń dún kà-kà-kà látàárọ̀ dalẹ́. Ó máa ń sọ pé ìlú tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg òun ti wá náà ni gíláídà ti wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àdéhùn Versailles dí àwọn ará Jámánì lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ bàálù ẹlẹ́ńjìnnì, làwọn ọ̀dọ́ wọn bá gun orí òkè kan tó ń jẹ́ Wasserkuppe lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje bàálù tí ò lẹ́ńjìnnì níbẹ̀ ní 1920. Wọ́n dí ọ̀nà kan, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn, ta ni ò mọ irú ìyẹn ní Nàìjíríà?

Èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí wá jẹ́ ọmọ ìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ fi rìnrìn àjò, tí kì í ṣe kó kàn máa yí po lójú kan, ìyẹ́ ẹ̀ máa ń tó mítà 4 tàbí 5 látetí kan dé èkejì, síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìdíje tí àjọ FAI, tó ń rí sí eré òfúrufú lágbàáyé, ń ṣòfin fún, kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò 5 lọ. Wọ́n á fi wíìnṣì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn, fà á sókè tàbí kí wọ́n fi mọ́tò iná kékeré tó wà lára ẹ̀ gbé e, tó bá ti dé òkè wọ́n á paná ẹ̀, ó kù sọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Oòrùn ń gbóná ilẹ̀, ilẹ̀ ń gbóná afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tó bá ti gbóná á fúyẹ́, á máa gòkè, bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, nǹkan bíi dígírì 1 fún mítà 100, títí omi inú ẹ̀ á fi di ìkùukùu. Ẹni tó bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ yìí ti ń gòkè á kó bàálù ẹ̀ sínú ẹ̀, á máa yí po, á máa bá a gòkè lọ láìná kọ́bọ̀. Tó bá ga tán, á kọrí síbi tó ń lọ, á máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gíláídà tó dáa lè lọ síwájú ní mítà 20 kó tó sọ mítà 1 nù, ìyẹn ni pé tó bá wà ní kílómítà 1 lókè, ó lè lọ tó kílómítà 20 kó tó di pé ó ń wá afẹ́fẹ́ mìíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láti Ọ̀bàléndé dé Ìkẹjà nìyẹn, kò sì sí go-slow ní Ójọ́ta.

Ibi tó ti wá le ni gíga yẹn gan-an. Ẹ gbé òṣùpá tó bá yọ tán sọ́kàn: gíláídà oníyẹ̀ẹ́ mítà 4 tó bá wà ní kílómítà 1 lókè orí yín, bó ṣe fẹ̀ lójú ò tó ìlàjì òṣùpá yẹn. Ní kílómítà 2, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò yé èèyàn mọ́ bóyá ó ń bọ̀ ni àbí ó ń lọ, bóyá ọ̀tún ló tẹ̀ sí ni àbí òsì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lásán ni, tó bá sì yí síbì kan báyìí, ìlà yẹn gan-an á pòórá. Igún ò ní wàhálà yìí. Ní 1973, igún kan kọ lu bàálù èrò lókè Abidjan, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, ní nǹkan bíi mítà 11,300, ìyẹn ju orí òkè Everest lọ dáadáa. Bó ti wù kí igún ga tó, ojú ẹ̀ bá a lọ. Ẹni tó di rìmóòtù mú, ara ẹ̀ wà nílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ wà lókè, ojú ẹ̀ nìkan ló so méjèèjì pọ̀, tó bá ti ṣẹ́jú jù, ó ti já.

Orí ẹ̀ náà ò tún ráyè. Paul MacCready, ará Amẹ́ríkà tó di ọ̀gá gíláídà lágbàáyé ní 1956, orúkọ ẹ̀ wà lára ìṣirò kan tí gbogbo wọn ń lò títí dòní: ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fà ẹ́ wálẹ̀, má rọra, sáré kúrò ńbẹ̀, ibi tó bá ti ń gbé ẹ sókè ni kó o ti rọra. Èèyàn á sì fẹ́ ṣe òdìkejì, torí nígbà tó o bá rí i pé ò ń wálẹ̀, ọkàn ẹ á ní kó o fa imú bàálù sókè. Nítorí náà, ó ń ṣírò, ó ń fetí sí ẹ̀rọ, ó ń wá ìkùukùu tó kàn, ó ń wá ẹyẹ. Níbo ló ti fẹ́ rí ojú tó máa fi wo kòtò?

Ẹ wá wo dírẹ́bà. Kò gbọdọ̀ sáré jù kó má lọ fi bàálù sílẹ̀ lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ rọra jù kí bàálù má fi í sílẹ̀. Òun náà gbọ́dọ̀ máa gbọ́ pìì-pìì yẹn, kó lè mọ̀ pé ó tó àsìkò láti dúró, torí afẹ́fẹ́ ti gbé e. Tó bá ko kòtò, àtàǹpàkò ẹni tó wà lẹ́yìn á ta lórí rìmóòtù, bàálù tó wà ní kílómítà 1 lókè á gba àṣẹ tẹ́nikẹ́ni ò pa fún un. Dírẹ́bà danfo ò kúkú lè wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kọndọ́ tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń sọ fún un pé "wọlé, wọlé, ó kù díẹ̀", síbẹ̀ tí wọ́n bá débùsọ́ọ̀pù láìfarapa, ta ni wọ́n máa ń yìn?

Ìmọ̀ta

Bọ̀dá ò ní oníyẹ̀ẹ́ mítà 4. Fóòmù ni tiẹ̀, tòkunbọ̀, ìyẹ́ ẹ̀ ò ju mítà 2 lọ, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ síbi méjì, ó kun abẹ́ ẹ̀ ní pupa kó lè hàn lójú sánmà. Ẹ má sì rò pé à ń jí i fò. Ní Nàìjíríà, ohun tó bá ń fò tí èèyàn ò sí nínú ẹ̀, ìwé wà fún un, NCAA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù ń bẹ níbẹ̀, ONSA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààbò ń bẹ níbẹ̀, Bọ̀dá sì ti gba tiẹ̀. Ìwé yẹn ló sọ ibi tó ti lè fò àti ibi tí ò gbọdọ̀ ga kọjá.

Ìdí tó fi jẹ́ apá Ìmọ̀ta, lọ́nà Ìkòròdú, la ti lọ fò ó ni pé ó jìnnà sí pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, ó tún jìnnà sí òkun. Tó bá di ọ̀sán l'Ékòó, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ wọlé látorí òkun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Marina ẹ mọ̀ ọ́n, ó dùn lára, ṣùgbọ́n òun náà ló ń pa ooru tí gíláídà fẹ́ gùn. Bó o bá ṣe ń wọnú ilẹ̀ lọ ni ooru ń lágbára sí i.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku Sàhárà ti bo gbogbo òkè, sánmà funfun, kò sí ìkùukùu kankan tí èèyàn lè fi ṣàmì. Iṣẹ́ tèmi ò le lẹ́nu, kí n ṣáà máa wò ó. "Àbúrò, má gbójú kúrò lára ẹ̀. Tí mo bá ní mi ò rí i, ìwọ ni kó o rí i." Mo ní ó ti yé mi, sà.

Oko kan wà lápá ìsàlẹ̀ pápá yẹn tí wọ́n ti dáná sun, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú kirikiri, ilẹ̀ dúdú sì máa ń gba oòrùn sára ju koríko lọ. Àwòdì méjì ń yí po lókè ẹ̀, wọn ò ju apá rárá. Bọ̀dá rí wọn, ó ní "àwọn ọ̀gá ti dé ibi iṣẹ́", ó kọrí bàálù síbẹ̀. Kò pẹ́ ni ẹ̀rọ yẹn yí ohùn padà. Fário ni wọ́n ń pè é, inú bàálù ló wà, ó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́ sí bó ṣe ń gòkè, ó ń ránṣẹ́ wá sísàlẹ̀: tí bàálù bá ń wálẹ̀ á máa kùn hùn-ùn-ùn, tó bá ń gòkè á máa ké pìì pìì, bó bá ṣe ń yára gòkè tó náà ni igbe ẹ̀ ń yá tó. Tọjọ́ yẹn, igbe ọ̀hún ò já mọ́.

Ohùn obìnrin kan nínú rìmóòtù ń ka gíga ẹ̀ jáde. Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó ti ń sún mọ́ ibi tí ìwé ní kó má kọjá, Bọ̀dá ti imú ẹ̀ wálẹ̀, ó ṣì ń gòkè, torí afẹ́fẹ́ tó ń gbé e lọ lágbára ju bí òun ṣe ń wálẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣe eré yìí mọ̀ pé gígun òkè kọ́ niṣẹ́, sísọ̀ ni. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ náà ló ń bọ̀. Bọ̀dá wolẹ̀ wo bọ́tìnnì kan lórí rìmóòtù, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, nígbà tó máa fi gbójú sókè, sánmà funfun ló kù.

"Mi ò rí i mọ́."

"Mo rí i, sà."

"Ó yá, sọ̀rọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí. Nǹkan dúdú mẹ́ta ni, tíntìntín, méjì jẹ́ àwòdì, ọ̀kan jẹ́ tiwa, gbogbo wọn ń yí po lójú kan náà. Ohun tí mo fi dá wọn mọ̀ ni ìrù. Àwòdì kì í jẹ́ kí ìrù ẹ̀ sinmi, á lọ́ ọ sọ́tùn-ún, á lọ́ ọ sósì, ibẹ̀ ló fi ń tọ́ ara ẹ̀ sọ́nà. Tiwa dúró gan-an, kò mi nǹkan kan. Mo di èyí tí kò mi nǹkan kan yẹn mú. Bọ̀dá ti ọ̀pá rìmóòtù sọ́tùn-ún, ó ní "kí ló ṣe?" Mo dúró. Ó tó ìgbà díẹ̀, pupa abẹ́ ìyẹ́ ẹ̀ kọ mànà. Mo ní "ó ti kọ abẹ́ sí wa, ó ń yà lọ sápá mọ́ṣáláṣí." Ó ní "ó dáa, máa sọ ọ́ lọ." Mo ń sọ ọ́ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí o. Láàárín gbogbo eléyìí, nǹkan kan gé mi jẹ ní kókósẹ̀, òmíràn gé mi lókè ẹ̀, mo mọ̀ pé ìjàlọ ni, àwọn náà ń kọjá níbi tí mo dúró sí. Fóònù ń dún lápò mi. Omi ń dà lójú mi nítorí oòrùn. Mi ò sì lè wolẹ̀. Tí mo bá wolẹ̀ báyìí, tí mo tún gbójú sókè, mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ tiwa mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàálù lè lọ já lé ilé onílé lórí. Ni mo bá dúró, mo ń sọ "ó ń yà, ó ṣì ń yà", wọ́n ń jẹ mí lọ sókè ojúgun.

Ni ọwọ́ kékeré kan bá dì mí ní ìgbọ̀nwọ́ mú. Ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ yẹn ni, ó ti ń wò wá látàárọ̀ láti abẹ́ igi káṣú kan. Kò sọ nǹkan kan. Ó fà mí sápá kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìṣísẹ̀ kan, òmíràn, kò já mi gbà, àfi bí ẹni pé wọ́n ti sọ fún un pé orí mi ò gbọdọ̀ mì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé, ó ń fi gbọn ìjàlọ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, àwọn tó ti deyín mọ́ mi lára ló ń fi ìka já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí ojú ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ó le, ọmọ tó ń roko ni.

Bọ̀dá ní "mo ti rí i", ó tẹ bíréèkì: inú ìyẹ́ méjèèjì á yí wálẹ̀, ìta ẹ̀ á yí sókè, bàálù á wá máa já bọ̀ láìsáré jù, torí tó bá kàn kirí bọlẹ̀ tó wá sáré, ìyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ibi tó máa kán sí lèèyàn ò ní mọ̀. Ó balẹ̀ sínú koríko. Nígbà tí èmi máa fi wolẹ̀, ọmọ yẹn ti padà sábẹ́ igi ẹ̀, ó ń jẹ káṣú.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá sọ ìtàn náà ní ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn oníbàárà, ó dùn létí: mo gbé e lọ sókè, mo sọ ọ́ nù, mo tún rí i. Èmi náà wà nínú ẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀ rárá, àfìgbà tí mo fi í sí i, ọ̀rọ̀ ìjàlọ ló sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, a máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n tá a bá fẹ́ sọ ẹni tó mú nǹkan jáde nínú kèrègbè, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ tó pẹpẹ náà la ṣì ń dárúkọ.

Ọkùnrin tí kò ríran dáadáa

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Maynard Hill lorúkọ ẹ̀, ó ti kú ní 2011. Kò sẹ́ni tó ń ṣe eré bàálù kékeré tí ò ní mọ̀ ọ́n. Ní 1970, ó gbé bàálù onírìmóòtù ga ju mítà 8,000 lọ. Ní August 2003, ó tún ṣe èyí tó ju ìyẹn lọ: òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi bàálù kan tí wọ́n fi igi bálúsà ṣe, tí kò tó kílò 5 tòun ti epo inú ẹ̀, gba orí òkun Àtìláńtíìkì láti Newfoundland ní Kánádà dé Ireland. Èyí ní ẹ́ńjìnnì o, kì í ṣe gíláídà, ẹ̀rọ tó ń bá GPS ṣiṣẹ́ ló sì ń tọ́ ọ sọ́nà lórí omi. Wákàtí 38 àti ìṣẹ́jú 52 ló lò lókè, ó rin ju kílómítà 3,000 lọ, àwọn tó kọ́kọ́ gbéra ṣáájú ẹ̀ ò sì débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí Hill ṣe èyí, ojú ẹ̀ ò ríran mọ́ débi tó lè fi darí bàálù, etí ẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Òun ló ro gbogbo ẹ̀, òun ló kọ́ ọ, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ jù ú sókè. Nígbà tó máa balẹ̀ lódì kejì òkun, Dave Brown ló dúró dè é ní Ireland tó fi rìmóòtù mú un sọ̀ sórí koríko, Hill ṣì wà lápá ti Kánádà lọ́hùn-ún.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju tàwọn tó ń sáré lọ. Spencer Lisenby gbé gíláídà onírìmóòtù sáré 548 máìlì ní wákàtí kan ní California ní 2021, láìsí ẹ́ńjìnnì, ó yani lẹ́nu, mo wo fídíò ẹ̀, mo pariwo. Ṣùgbọ́n ti Hill ló ń gbé mi ró, torí kò sí bó ṣe lè sọ pé òun nìkan ló ṣe é. Ojú ẹ̀ ò ní jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá ríran kedere ló rọrùn fún láti gbàgbé pé ẹlòmíràn ń bá òun wò.

Ọ̀rẹ́ Bọ̀dá kan ní gbogbo ọ̀rọ̀ mi yìí ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ó ní kámẹ́rà ti wà tí wọ́n ń gbé sínú bàálù, kéèyàn wọ gọ́gù sójú, kó máa rí ohun tí bàálù ń rí, ó tán. Kò tán. Ẹni tó ti wọ gọ́gù yẹn, ojú ẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ pátápátá, màlúù lè wá tì í ṣubú. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní tẹ́nì kan bá wọ̀ ọ́, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró tì í tó ń fi ojú lásán wo bàálù. Nínú ìdíje tí wọ́n fi GPS ṣe náà, níbi tí gíláídà ti ń yí orígun mẹ́ta tí wọ́n ti là sílẹ̀, olùrànlọ́wọ́ ló ń wo ojú ẹ̀rọ tó sì ń ka ibi tí bàálù dé fún ẹni tó ń darí ẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń pọ̀ sí i, orúkọ ẹ̀ ni kì í pọ̀.

Báàgì tó kù

Àǹtí wa ń ta òkírìkà ní Yaba. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ń kàwé ní UNILAG, Àǹtí ló ń san owó handout, òun ló ń fọ aṣọ ẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, òun ló lọ bẹ onílé nígbà tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Gbogbo ìyẹn, ẹ̀gbọ́n ò gbọ́. Àǹtí ní ká má sọ fún un, ó ń ṣèdánwò. Mo ti ń rò ó báyìí pé iṣẹ́ yẹn méjì ni: kéèyàn wo ilẹ̀, kéèyàn má sì jẹ́ kí ẹni tó ń wòkè mọ̀ pé kòtò wà. Èkejì yẹn ló ń pa orúkọ ẹni rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wá láti Kánádà lọ́dún tó kọjá, a ṣe ìnáwó fún un, alága ìjókòó gba máíìkì, ó ní ọkùnrin yìí fọwọ́ ara ẹ̀ la ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dì í mú, Ọlọ́run nìkan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Irú ọ̀rọ̀ yẹn dùn l'Ékòó, gbogbo wa la fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nípa wa, "ó dá a ṣe ni". Mo wo ẹ̀yìn kánópì, Àǹtí wà níbẹ̀, ó ń pín sùfúníà. Mo lọ bá a, mo bi í pé Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní òun gbọ́. Mo ní kò dùn yín? Ó wò mí, ó ní kí n bá òun ka báàgì tó kù, torí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ò tíì gba tiwọn.

Mi ò ní kí wọ́n má yin ẹ̀gbọ́n o. Ó kàwé ẹ̀, ó gbégbá orókè, àwọn tí wọ́n bá fọ aṣọ fún pọ̀ tí wọn ò kàwé kankan. Ẹni tó di rìmóòtù mú náà, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ ọ, kò sí bí dírẹ́bà ṣe lè dáa tó tó máa bá a rí afẹ́fẹ́. Ohun tí mò ń bá jà ni "òun nìkan" yẹn. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ná ẹlòmíràn lówó ni, torí ọmọ tó bá gbọ́ ọ á rò pé tóun bá fẹ́ fò, kóun lé gbogbo èèyàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú

Bọ̀dá ti wá ní òun fẹ́ rìnrìn àjò gidi báyìí, kì í ṣe ká máa yí po lókè oko sísun. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń wá látorí òkun, àríwá ìlà-oòrùn ló ń fẹ́ lọ, láti Ìmọ̀ta apá Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn gan-an. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó níṣẹ́ kúkú yá. Ìwé tuntun ló máa gbà, torí tọwọ́ ẹ̀ ò kọjá pápá yẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn ẹ̀, ó sì ń bá ẹni tó máa ta gíláídà tó tóbi ju tiẹ̀ lọ fún un dúnàádúrà.

Èmi ní kó wá dírẹ́bà ná. Mo mú un lọ bá Bàbá Ìbejì ní gáréèjì, ẹni tó ti ń ná ọ̀nà Ìkòròdú, Ìtóìkín sí Ìjẹ̀bú látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá ṣàlàyé afẹ́fẹ́ fún un, ó ṣàlàyé ooru, ó ṣàlàyé fário, Bàbá Ìbejì ń jẹ ẹ̀pà, kò já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Nígbà tó sọ tán, bàbá ní "ẹ gbà mí ní bébà." Bọ̀dá ní kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n tẹ̀ wọ́ nínú báàgì ẹ̀, ó fún un. Bàbá yí i sẹ́yìn, ó fa ìlà gbọọrọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò sàmì: ibí yìí kòtò, ibí yìí àwọn ọlọ́jà máa ń gbé igbá sójú títì tó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ibí yìí kẹ́ ẹ má dúró, ibí yìí ẹ lè dúró kẹ́ ẹ sì sùn pàápàá. Ó dé ibì kan, ó gbé bírò sókè.

Ó ní, "Ẹ ní afẹ́fẹ́ yín ló máa sọ ibi tá a máa yà sí?"

Bọ̀dá ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Láti ibí lọ, títì kan ṣoṣo ló wà. Tó bá ní òun fẹ́ yà síbòmíràn, kó yáa dúró dè wá." Ó sàmì sí kòtò mìíràn. "Epo ńkọ́? Ta ló ń ra epo?"